Àgbá Epo, Garawa àti Àpò Ẹ̀pà: Ohun tí a fi Di Ọjà nínú Ìtàn Òwò Wa

Nígbà tí a bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ dá ilé iṣẹ́ ńlá kan sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí, ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu ènìyàn ni pé, níbo ni ẹ̀rọ rẹ̀ yóò ti wá, èló ni wọn yóò ná sí i, ènìyàn mélòó ni yóò sì rí iṣẹ́ níbẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí ẹni tí yóò béèrè pé kí ni wọn yóò fi di ọjà náà nígbà tí ó bá jáde tán. Lójú ọ̀pọ̀lọpọ̀, ọ̀rọ̀ páálí, agolo àti àpò jẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré tí akọ̀wé inú ilé ẹrù lè bójú tó ní ọjọ́ tí ọjà bá délẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá yẹ ìtàn òwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wò dáradára, yóò rí i pé ibi ohun tí a fi di ọjà gan-an ni èrè ti máa ń jò lọ, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tí ó gbọ́n ti rí ọrọ̀ wọn. Ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́ kí a tó ní fakitírì kankan. Etí odò Bonny àti odò Kàlàbá ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1807 ni ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú. Àwọn oníṣòwò Liverpool, tí ọkọ̀ wọn ti ń kó ènìyàn kọjá òkun láti ọjọ́ pípẹ́, wá ohun mìíràn tí wọn yóò máa rù, wọ́n sì rí epo pupa. Àkókò náà ni iṣẹ́ ẹ̀rọ ń gbilẹ̀ ní ilẹ̀ wọn. Epo pupa dára fún ọṣẹ, ó dára fún àbẹ́là, ó sì dára láti fi pa ara irin ẹ̀rọ kí ó lè máa yọ̀. Epo kò sì wọ́n ní ilẹ̀ àwọn Ìgbò àti Ìbìbíò tí ó wà lẹ́yìn àwọn odò náà. Ìṣòro kan ṣoṣo ni ó kù. Ẹrú ni wọ́n máa ń fi ẹ̀wọ̀n dè, tí wọ́n á sì fi ipá mú kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé etí òkun. Epo kò ní ẹsẹ̀. Bí kò bá sí ohun tí a ó rọ ọ́ sí, ilẹ̀ ni yóò mu ún.

Àgbá onípákó ni wọ́n fi yanjú ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe àgbá kékeré: ọ̀kan nínú wọn lè gba epo tí ó lé ní 100 gálọ́ọ̀nù, òmíràn sì tó 200. Bí wọ́n bá ń kó irú àgbá bẹ́ẹ̀ ní òfìfo láti Liverpool, afẹ́fẹ́ lásán ni ọkọ̀ yóò máa rù bọ̀. Nítorí náà, wọn a máa tú wọn palẹ̀. Abala pákó ni wọn a tò jọ bí ìdì igi ìdáná, wọn a sì kó ọ̀já irin lọ́tọ̀, kí ààyè lè wà nínú ọkọ̀ fún aṣọ, iyọ̀, ìbọn àti ọtí tí wọn yóò fi ra epo. Nígbà tí ọkọ̀ bá dé odò, oníṣẹ́ àgbá yóò jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀. Yóò to abala pákó náà dúró yíká, yóò fi iná rọ̀ wọ́n kí wọ́n lè tẹ̀, yóò sì gbá ọ̀já irin mọ́ wọn lára títí epo kò fi ní rí àárín wọn gbà. Èmi ka èyí sí ọ̀kan nínú ètò ìdìpọ̀ ọjà tí ó mú ọgbọ́n dání jù lọ ní ọ̀rúndún náà. Àwọn tí ó gbé e kalẹ̀ ti ṣe ìṣirò ààyè inú ọkọ̀ ní àlọ àti ní àbọ̀ kí ọkọ̀ tó ṣí kúrò ní èbúté rẹ̀ rárá.

Síbẹ̀ ètò náà ní àléébù rẹ̀. Ọkọ̀ onígbòkun kan lè wà lórí odò fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù, nígbà mìíràn fún bí ọdún kan, kí àgbá rẹ̀ tó kún. Bí ó ti ń dúró ni àwọn atukọ̀ ń jẹun, bẹ́ẹ̀ ni ibà ń pa wọ́n. Àgbá tí ó kọ́kọ́ kún yóò máa gbẹ nínú oòrùn, pákó rẹ̀ yóò máa là, epo yóò sì máa jò lọ díẹ̀díẹ̀.

Lórí ilẹ̀, àwọn oníṣòwò Bonny àti Kàlàbá ni wọ́n ń gba ọjà òyìnbó ní àwìn, àti àgbá òfìfo pẹ̀lú rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lọ sí àwọn ọjà òkè odò láti ra epo kún un. Òwò yìí dá lórí ìfọkàntánni, ṣùgbọ́n ìjà rẹ̀ kò lópin. Àgbá kan kò bá èkejì dọ́gba, òṣùwọ̀n odò kan kò sì bá ti odò kejì mu. Òyìnbó a ní omi àti ìdọ̀tí ni wọ́n fi kún epo òun. Oníṣòwò aláwọ̀ dúdú a ní àgbá tí òyìnbó gbé wá ní ọdún yìí tóbi ju ti èṣín lọ, bẹ́ẹ̀ ni iye ọjà tí ó ń san lé e lórí kò yí padà. Ẹni tí ó bá ni àgbá ni ó ni òṣùwọ̀n, ẹni tí ó sì ni òṣùwọ̀n ni ó mọ ibi tí èrè ń wọlé sí.

Ní ọdún 1852 ni Macgregor Laird àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi sílẹ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ ń fi agbára ooru omi rìn láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí etí òkun wa. Ọkọ̀ yìí ń gbé lẹ́tà, ó ní ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ dé àti ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ lọ, kò sì lè dúró de ẹnikẹ́ni. Ohun gbogbo yí padà. Epo tí kò bá tí ì wà nínú àgbá nígbà tí ọkọ̀ bá fọn fèrè di epo oṣù tí ń bọ̀. Àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn ògbólógbòó ọkọ̀ tí wọ́n ti gé òpó rẹ̀ kúrò ṣe ilé ẹrù lórí odò. Nínú wọn ni àwọn oníṣẹ́ àgbá ti ń kàn án láti òwúrọ̀ di alẹ́, kí àgbá lè ti wà nílẹ̀ kí ìgbà tí epo ń pọ̀ tó dé. Ọkọ̀ tuntun kò mú èrè wá fún ẹni tí kò bá kọ́kọ́ tún ètò àgbá rẹ̀ ṣe.

Ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà lónìí, àgbá tún rí iṣẹ́ mìíràn ṣe. Kòkòrò tí ń fa àrùn oorun kò jẹ́ kí ẹṣin àti màlúù lè máa fa kẹ̀kẹ́ ẹrù nínú igbó ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí orí ènìyàn lè rù kò pọ̀. Wọ́n wá ń yí àgbá epo lójú ọ̀nà láti oko lọ sí etí òkun, àwọn ọkùnrin alágbára ní ẹ̀yìn rẹ̀ níbi òkè, àti níwájú rẹ̀ níbi ìsàlẹ̀. Nígbà tí kòkó dé, tí ó sì di ọ̀gbìn ńlá, inú àgbá náà ni wọ́n rọ ọ́ sí, wọ́n sì ń yí i lọ sí Àkírà bákan náà. Kókó gbígbẹ kò nílò àgbá, nítorí kò lè jò. Ṣùgbọ́n àgbá náà ni ẹrù, òun kan náà ni kẹ̀kẹ́. Ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ akẹ́rù gba ojú ọ̀nà ni àpò ìdọ̀họ tó lé àgbá kúrò nínú òwò kòkó, nítorí àpò fúyẹ́, ó sì ṣeé tò lé ara wọn láìsí àlàfo.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé epo náà dé òkè òkun. Ní ìgbà náà, ọlọ́jà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa gé ọṣẹ lára odidi gbọọrọ, a sì wọ̀n ọ́n fún oníbàárà, láìsí orúkọ ẹni tí ó ṣe é lára rẹ̀. Ní ọdún 1884, ọmọ oníṣòwò kan tí ń jẹ́ William Lever forúkọ Sunlight sílẹ̀. Ó ń gé ọṣẹ náà sí ìwọ̀n kan náà ní ilé iṣẹ́, ó ń fi bébà wé e, ó sì ń tẹ orúkọ sára bébà náà. Epo inú ọṣẹ ọ̀hún, lára èyí tí àdín ẹkùrọ́ wà, kò ṣe àjèjì sí àwọn tí ń se ọṣẹ. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé oníbàárà mọ ohun tí ó ń rà kí ó tó dé ilé, ọlọ́jà kò sì tún fi àkókò ṣòfò lórí ọ̀bẹ àti òṣùwọ̀n. Láàárín ọdún díẹ̀, Lever kọ́ odidi ìlú fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó sì pè é ní Port Sunlight. Ní ọdún 1920, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ra Niger Company, èyí tí ó ti jọba lórí odò Ọya nígbà kan. Ní ọdún 1923, ilé iṣẹ́ ọṣẹ tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ilé iṣẹ́ tí ó ti fi bébà ìwéṣẹ lówó báyìí kò lè máa wo àgbá tí ń jò lójú. Ẹ wo bí ìnáwó náà ti pọ̀ tó: pákó ń fa epo mu; àgbá rìbìtì ń fi àlàfo sílẹ̀ láàárín ara wọn nínú ọkọ̀; àwọn oníṣẹ́ ń gba owó láti kàn án, láti yí i, àti láti tú u; òfìfo rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ padà wá. Láti àárín àwọn ọdún 1920 lọ, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ táǹkì irin ńláńlá sí àwọn èbúté wa bíi Port Harcourt, Kàlàbá àti Burútù. Nínú táǹkì yìí ni wọ́n ti ń fi ooru mú epo rọ̀ kí ó má bàa dì, tí wọ́n sì ń fi páìpù rọ ọ́ tààrà sínú ikùn ọkọ̀. Iṣẹ́ tí ó ń gba ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ọjọ́ pípẹ́ di iṣẹ́ wákàtí díẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ó yìn ín, èmi náà kò sì bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n mi ò tí ì rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹnìkan jókòó ro ohun tí àwọn oníṣẹ́ àgbá yóò ṣe lẹ́yìn náà. Iṣẹ́ tí ó ti bọ́ ilé púpọ̀ ní etí òkun wa, láti Àkírà títí dé Kàlàbá, parẹ́ láàárín ìran kan.

Epo tí ó ń wọ inú táǹkì wọ̀nyẹn, ohun kékeré kan ni wọ́n fi ń gbé e dé ibẹ̀: garawa karosíìnì. Àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n ń rọ karosíìnì sínú garawa méjì-méjì, tí wọ́n sì ń fi àpótí pákó kan dì wọ́n pọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ayé. Nígbà tí karosíìnì bá tán, garawa kò tán. Àwọn obìnrin ilẹ̀ Ìgbò àti Ìbìbíò sọ ọ́ di ohun èlò epo wọn. Nǹkan bí gálọ́ọ̀nù mẹ́rin ni ó ń gbà, ó ṣeé rù lórí, gbogbo ènìyàn ni ó sì mọ bí ó ti kún tó pẹ̀lú ojú lásán. Ẹni tí ó kọ́kọ́ rọ garawa yìí kò mọ̀ pé òun ń ṣe òṣùwọ̀n fún ọjà Opobo.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ohun èlò ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ènìyàn. Ní àwọn ọdún tí ó parí sí 1929, àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ra epo ní apá kan Ìlà-Oòrùn yí padà kúrò nínú kí wọ́n máa fi garawa ra epo, wọ́n ní ìwọ̀n orí òṣùwọ̀n irin ni àwọn yóò máa lò. Bóyá ìwọ̀n náà tọ́ ju garawa lọ. Èmi kò jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó ti mọ ohun tí garawa rẹ̀ ń mú wá wá dúró níwájú irin tí kò lè kà, tí akọ̀wé kan sì ń sọ iye kan fún un, ní àkókò tí iye owó epo fúnra rẹ̀ ń já wálẹ̀. Nígbà tí ìròyìn tàn ní oṣù Nọ́fẹ́ḿbà 1929 pé wọn yóò gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin, tí Nwanyeruwa sì figbe ta ní Oloko, ìbínú ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn obìnrin kó ìrora ọjà wọn wá síwájú ìgbìmọ̀ tí ó wádìí ogun náà, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n epo sì wà nínú rẹ̀. Ó lé ní 50 obìnrin tí ìbọn pa. Owó orí ni ìtàn sábà máa ń dárúkọ, ó sì yẹ kí ó dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ yí ohun èlò tí àwọn ènìyàn fi ń wọn ọjà wọn padà, kí ó rántí Opobo àti Ábá.

Táǹkì náà tún bí ìṣòro mìíràn. Nínú àgbá, epo búburú ba ara rẹ̀ nìkan jẹ́. Nínú táǹkì, epo búburú obìnrin kan ń ba epo dáradára ogún obìnrin jẹ́. Kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí a yẹ epo wò kí ó tó wọlé lọ. Ní ọdún 1950, ìgbìmọ̀ tí ń ta èso ọ̀pẹ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í san owó tí ó ga fún epo àkànṣe, èyí tí ásíìdì inú rẹ̀ kò ju 4.5 nínú 100 lọ. Láàárín ọdún díẹ̀, irú epo yìí gba iwájú nínú ohun tí a ń tà. A kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni, a kò sì fi ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n. Owó ni ó sọ̀rọ̀, àwọn àgbẹ̀ sì gbọ́.

Bí a bá kúrò ní ilẹ̀ epo lọ sí Àríwá, àpò ni a óò bá pàdé. Ọ̀nà ojú irin dé Kánò ní ọdún 1911. Àwọn òyìnbó ń retí òwú fún àwọn ilé ìhunṣọ wọn. Àwọn àgbẹ̀ Hausa wo owó méjèèjì, wọ́n sì gbin ẹ̀pà. Bí ẹ̀pà náà ti ń pọ̀ ni wọ́n ń to àpò rẹ̀ lé ara wọn ní gbangba títí ó fi ga bí òkè, tí ẹnu rẹ̀ sì ṣóńṣó. Ọ̀kan nínú àwọn òkìtì náà lè ní àpò tí ó tó 15,000. Orúkọ Alhaji Alhassan Dantata, tí ó kú ní ọdún 1955, kò ṣeé yọ kúrò nínú ìtàn náà. Àwòrán òkìtì ẹ̀pà wà nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ wa gẹ́gẹ́ bí àmì ọrọ̀.

Mo fẹ́ kí a wo àwòrán náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Òkìtì ẹ̀pà jẹ́ ọjà tí ń dúró. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ọkọ̀ ojú irin kò tó láti kó o lọ sí èbúté, ẹ̀pà ọdún kan sì lè wà nílẹ̀ títí ti ọdún kejì yóò fi bá a. Kòkòrò ń jẹ ẹ́ lábẹ́ tapólì. Àpò kọ̀ọ̀kan tí ó wà ní ìsàlẹ̀ òkìtì jẹ́ àpò tí kò lè padà sí oko. Àpò náà kì í sì í ṣe tiwa. Ilẹ̀ Bẹ̀ǹgálì ni a ti ń gbin èèpo tí a fi ń hun ún, Kàlìkọ́tà ni a sì ti ń hun púpọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pín Íńdíà sí méjì ní ọdún 1947, ọ̀pọ̀ oko náà bọ́ sí ọwọ́ Pákísítànì, ilé ìhunpò sì kù sí ọwọ́ Íńdíà. Àgbẹ̀ Kánò tí kò gbọ́ orúkọ Kàlìkọ́tà rí ní láti dúró de ọwọ́ àwọn tí ń jà níbẹ̀ kí ó tó lè ta ẹ̀pà rẹ̀. Ọgbọ́n kan tí ó dín ìṣòro náà kù ni ti àwọn ilé iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún epo ẹ̀pà ní Kánò fúnra rẹ̀, nítorí epo kò nílò àpò. Lẹ́yìn òmìnira, a dá ilé ìhunpò sílẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì àti ní Àgbádárìgì. Ṣùgbọ́n ọ̀gbẹlẹ̀ àwọn ọdún 1972 sí 1974 dé, àrùn ẹ̀pà tẹ̀ lé e ní 1975, àpò oníke sì wọlé láti òkè òkun. Àwọn òkìtì náà kò sí mọ́.

Ọdún 1975 yìí kan náà ni a tún rí ìdàkejì ọ̀rọ̀ náà ní ojú omi Èkó. Owó epo bẹntiróòlù ti pọ̀ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, wọ́n sì ti ra sìmẹ́ńtì tí ó tó nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Mílíọ̀nù 16 nínú rẹ̀ jẹ́ ti àwọn ológun nìkan. Bí a bá fi àpò 50 kílò kà á, 400 mílíọ̀nù àpò ni yóò jẹ́. Ẹni tí ó bá ti jókòó pẹ̀lú bírò àti bébà láti béèrè iye àpò tí èbúté Àpápá lè gbé sílẹ̀ ní ọjọ́ kan ìbá ti mọ̀ pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni yóò gbà. Kò sí ẹni tí ó jókòó. Ó lé ní 400 ọkọ̀ tí ó dúró sí ìta èbúté, púpọ̀ nínú wọn rù sìmẹ́ńtì, orílẹ̀-èdè wa sì ń san owó ìdádúró lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lójoojúmọ́. Àpò bébà ni sìmẹ́ńtì náà wà, bébà kò sì lè dènà ọ̀rinrin òkun. Nínú àwọn kan, ó dì gbagidi kí wọ́n tó ṣí i.

Ìjọba Gowon ṣubú ní oṣù Júláì ọdún náà. Ìjọba tí ó tẹ̀ lé e gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn tí ó ta sìmẹ́ńtì dúnàádúrà láti wọ́gi lé èyí tí kò tí ì dé. Wọ́n sì yára kọ́ èbúté tuntun kan, tí a ṣí ní ọdún 1977, sí erékùṣù kan nítòsí Àpápá. Tin Can ni orúkọ erékùṣù náà. Agolo ni ìtumọ̀ rẹ̀.